Iyọ̀ Ìdájí: Bí Àwọn Onímọ̀ Ìṣirò Ṣe Kọ́ Láti Ka Àhesọ Ọ̀rọ̀



Bí ẹnikẹ́ni bá ń ṣe kàyéfì pé kí ni olùkọ́ lítíréṣọ̀ ń wá nínú oko ìṣirò, kàyéfì rẹ̀ tọ́. Ìṣirò kọ́ ni mo fi ń jẹun. Ọ̀rọ̀ ẹnu ni mo ti ń ṣe iṣẹ́ lé lórí láti ìgbà èwe mi: bí ó ṣe ń kúrò lẹ́nu kan bọ́ sí etí òmíràn, bí ó ṣe ń pàdánù ohun kan lójú ọ̀nà, tí ó sì ń he òmíràn dípò rẹ̀. Àhesọ jẹ́ ọmọ ọ̀rọ̀ ẹnu, ṣùgbọ́n ọmọ tí àwa tí à ń kọ́ni ní lítíréṣọ̀ kì í kà mọ́ ọmọ ni. A ti kó òwe jọ, a ti kó oríkì jọ, a ti kó àlọ́ jọ. Ní ti àhesọ, a kàn máa ń dá a lẹ́bi ni, a ó sì kọjá lọ. Àwọn onímọ̀ ìṣirò kò dá a lẹ́bi. Wọ́n kà á. Ìtàn bí wọ́n ṣe kọ́ láti kà á ni mo fẹ́ sọ lónìí, àti ibì kan tí mo rò pé kíkà náà kù sí.

Ó yẹ kí n kọ́kọ́ sọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti kàn mí. Ní 20 oṣù Keje, ọdún 2014, arìnrìn-àjò kan láti Làìbéríà gúnlẹ̀ sí pápákọ̀ òfuurufú ìlú Èkó, ó sì gbé àrùn Ẹ̀bólà wọ ilẹ̀ wa. Kò lò tó ọ̀sẹ̀ kan tí ó fi kú. Ìbẹ̀rù gba ìlú, nítorí kò sí oògùn tí dókítà lè nawọ́ sí, kò sì sí abẹ́rẹ́ àjẹsára. Ní òru Ọjọ́bọ̀ mọ́júmọ́ ọjọ́ Ẹtì, 8 oṣù Kẹjọ, ọ̀rọ̀ kan gba orí fóònù láti ilé dé ilé: kí olúkúlùkù fi omi lọ́wọ́ọ́wọ́ àti iyọ̀ wẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́, kí ó sì bu díẹ̀ mu nínú rẹ̀, Ẹ̀bólà kò ní ràn án.

Nǹkan bí aago mẹ́rin ìdájí ni ẹ̀gbọ́n mi obìnrin pè mí. Kò kí mi. Ó ní, “Bàbá Tólú, ṣé iyọ̀ wà nílé?” Mo ní, “Ó wà, Àǹtí mi. Ẹ jọ̀ọ́, kí ló ṣẹlẹ̀?” Ó ní, “Bù ú sómi lọ́wọ́ọ́wọ́, ìwọ àti ìyàwó rẹ àti àwọn ọmọ, kí ẹ wẹ̀ ẹ́ kí ojúmọ́ tó mọ́. Má bi mí ní ìbéèrè. Ẹ ṣe é ná.” Mo ti gba oyè ọ̀mọ̀wé ní ọdún mélòó kan ṣáájú ìgbà náà. Mo wẹ̀ ẹ́. N kò mu ún, ṣùgbọ́n mo wẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn náà ni mo gbé fóònù, tí mo pe ènìyàn mẹ́ta.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ilé iṣẹ́ ètò ìlera ti ìjọba àpapọ̀ kéde pé irọ́ gbáà ni. Láàrin oṣù náà, Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé ó kéré tán, ìròyìn ti dé pé ènìyàn méjì kú ní Nàìjíríà nítorí pé wọ́n mu omi iyọ̀. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo ń gbọ́ lẹ́nu àwọn ẹgbẹ́ mi ní ọ̀sẹ̀ wọ̀nyẹn: àìmọ̀kan ló pa wọ́n. Ẹnu mi kò gbà á láti sọ bẹ́ẹ̀, nítorí mo mọ ẹni tí ó wẹ iyọ̀ ní ilé tèmi. Ìyẹn ló sún mi dé ìdí ìwé àwọn onímọ̀ ìṣirò.

Kíka àrùn ni ó bí kíka àhesọ. Ronald Ross, dókítà tí ó ṣiṣẹ́ fún ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Íńdíà, ni ó rí kòkòrò ibà nínú ikùn ẹ̀fọn ní 1897, tí wọ́n sì fi ẹ̀bùn Nobel dá a lọ́lá ní 1902. Ohun tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ ni pé ìfẹ́ ìṣirò kò jẹ́ kí ó sinmi. Nínú ìwé rẹ̀ lórí ìdènà ibà, èyí tí ó tún tẹ̀ jáde ní 1911, ó fi ìṣirò hàn pé kò di ìgbà tí a bá pa gbogbo ẹ̀fọn ìlú tán kí ibà tó kásẹ̀ nílẹ̀. Bí ẹ̀fọn bá ti dín sí iye kan, ibà yóò máa relé fúnra rẹ̀. Ní 1927, William Kermack àti Anderson McKendrick mú èrò náà síwájú ní ìlú Edinburgh. Kermack jẹ́ onímọ̀ kẹ́mísìrì tí ìjàm̀bá kan nínú yàrá ìwádìí ti fọ́ lójú ní 1924, tí kò sì torí rẹ̀ fi iṣẹ́ sílẹ̀. McKendrick jẹ́ dókítà tí òun náà ti sìn ní Íńdíà. Wọ́n pín àwọn ará ìlú sí ọ̀nà mẹ́ta: àwọn tí àrùn kò tíì mú, àwọn tí ó wà lára wọn tí wọ́n sì ń fi ran ẹlòmíràn, àti àwọn tí wọ́n ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, yálà nípa ìwòsàn tàbí nípa ikú. Wọ́n fi ìṣirò wọn wé iye àwọn tí àrùn eku pa ní Bombay láàrin 1905 sí 1906, ó sì bá a mu dáadáa. Ẹ̀kọ́ tí ó tibẹ̀ jáde kò yàtọ̀ sí ti Ross: iye kan wà tí àwọn tí àrùn lè mú gbọ́dọ̀ pọ̀ tó, bí wọn kò bá pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, àrùn náà kò ní lè gbilẹ̀.

Kò pẹ́ tí àwọn kan fi bẹ̀rẹ̀ sí í wò ó pé ọ̀rọ̀ náà ń ràn bí àrùn. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, ní 1947, Gordon Allport àti Leo Postman ní Amẹ́ríkà gbé ìwé kan jáde lórí àhesọ, nínú èyí tí wọ́n sọ pé agbára àhesọ dà bí ìgbà tí a bá sọ bí ọ̀rọ̀ náà ti ṣe pàtàkì tó di púpọ̀ ní ìlọ́po bí ó ti rú ni lójú tó. Bí ọ̀kan nínú méjèèjì bá jẹ́ òfo, àhesọ kò ní sí. Ẹni tí ó bá rántí oṣù Kẹjọ ọdún 2014 yóò mọ̀ pé kò sí èyí tí ó jẹ́ òfo nínú méjèèjì. Àwọn méjì yìí tún ṣe ìdánwò kan tí ó wú èmi olùkọ́ lítíréṣọ̀ lórí: wọ́n ní kí ènìyàn kan ṣàpèjúwe àwòrán fún ẹnì kejì, kí ẹnì kejì sọ ọ́ fún ẹnì kẹta, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tí ọ̀rọ̀ fi máa gba ẹnu márùn-ún tàbí mẹ́fà kọjá, nǹkan bí 70 nínú 100 ohun tó wà nínú rẹ̀ ti bọ́ dànù. Nígbà tí mo rí àtẹ̀jíṣẹ́ òru ọjọ́ náà gan-an, ó gùn, ó ní àdúrà nínú, wọ́n sì ti fi orúkọ ọba kan gbè é lẹ́sẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ti gé gbogbo rẹ̀ kúrò. Iyọ̀ àti ìdájí ló kù.

Ọdún 1964 ni ọ̀rọ̀ náà bọ́ sójú ọ̀nà tirẹ̀. Daryl Daley àti David Kendall, tí wọ́n wà ní Cambridge, tẹ ìwé kékeré kan jáde nínú ìwé ìròyìn Nature, wọ́n sì fẹ̀ ẹ́ lójú ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e. Àwọn náà pín ìlú sí ọ̀nà mẹ́ta. Ẹ jẹ́ kí n fún wọn ní orúkọ Yorùbá: Aláìgbọ́, ẹni tí ọ̀rọ̀ kò tíì dé etí rẹ̀, Agbọ́sọ, ẹni tí ó gbọ́ tí ó sì ń sọ ọ́ kiri, àti Agbọ́dákẹ́, ẹni tí ó gbọ́ ṣùgbọ́n tí kò sọ ọ́ mọ́. Títí dé ibí yìí, a lè rò pé àrùn ni wọ́n tún ń ṣe lọ́nà mìíràn. Ibi tí wọ́n ti yà kúrò ni ìbéèrè yìí: kí ni ó ń mú Agbọ́sọ dákẹ́? Aláìsàn ń bọ́ lọ́wọ́ àrùn nítorí pé ara rẹ̀ ṣẹ́gun tàbí pé ó kú. Ọjọ́ ni ó ń ṣiṣẹ́ fún un. Agbọ́sọ kì í dákẹ́ nítorí ọjọ́. Ó ń dákẹ́ nígbà tí ó bá pàdé ẹni tí ó ti gbọ́ ṣáájú. Ó sáré dé ọjà, ó ní, “Ṣé ẹ ti gbọ́?” Wọ́n ní, “Láti àná!” Ọ̀rọ̀ tutù mọ́ ọn lẹ́nu. Àwọn baba wa ti sọ pé òfófó kì í gba ẹgbàá, ibi ọpẹ́ ní ń mọ. Níbi tí a kò bá ti rí ọpẹ́ mọ́, kí ni ènìyàn tún ń sọ ọ́ fún?

Láti inú òye kan ṣoṣo yìí ni wọ́n ti fa gbogbo ìyókù yọ. Ẹ wo ìlú kan tí olúkúlùkù ń pàdé ẹlòmíràn láìṣojúsàájú. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé Aláìgbọ́ ni gbogbo ènìyàn, nítorí náà ẹni tí Agbọ́sọ bá pàdé ni yóò sọ ọ́ di Agbọ́sọ bíi tirẹ̀. Wọn yóò máa pọ̀ sí i títí ìdajì ìlú yóò fi gbọ́. Láti ọjọ́ náà lọ, ẹni tí ó ti gbọ́ ni Agbọ́sọ yóò máa pàdé ju ẹni tí kò tíì gbọ́ lọ, ẹnu yóò sì máa dákẹ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí gbogbo ẹnu bá dákẹ́ tán, nǹkan bí 20 nínú 100 ará ìlú ni kò ní gbọ́ rárá. Yálà a ń sọ̀rọ̀ yára tàbí a ń sọ ọ́ pẹ̀lẹ́, iye yìí kò yí padà. Èyí kò sì ní ohun tí Ross rí nínú ibà àti èyí tí Kermack àti ẹnì kejì rẹ̀ rí nínú àrùn eku. Kò sí iye kan tí bí a bá ti wà nísàlẹ̀ rẹ̀ àhesọ kò ní lè gbilẹ̀. Àrùn lè kú ní ẹnu ọ̀nà ìlú. Nínú ìṣirò yìí, àhesọ tí ó bá ti rí ẹnu àkọ́kọ́ wọlé yóò rìn dé ìdajì ìlú kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ̀ ẹ́.

Mo ka ìwé méjèèjì yìí léraléra, gẹ́gẹ́ bí ènìyàn ṣe ń ka ewì tí kò yé e ní kíkà àkọ́kọ́. Ohun tí kò sí nínú ìṣirò náà ni ó gbà mí lọ́kàn jù. Kò sí òmùgọ̀ níbẹ̀. Kò sí òpùrọ́ pẹ̀lú. Daley àti Kendall kò nílò púrúǹtù kan kí ọ̀rọ̀ tó ràn. Ohun tí wọ́n nílò kò ju pé kí ènìyàn pàdé ènìyàn, kí ó sì fẹ́ràn láti jẹ́ ẹni tí ó kọ́kọ́ sọ.

Ṣé ìtàn jẹ́rìí sí èyí? Ẹ jẹ́ kí a lọ sí ilẹ̀ Faransé, ní oṣù Keje ọdún 1789. Ìkórè ọdún tí ó ṣáájú ti bàjẹ́, oúnjẹ gbówó lórí, àwọn tí ń ṣagbe kún ojú ọ̀nà, àlìkámà tuntun sì wà lóko tí kò tíì gbó. Ní 14 oṣù náà ni àwọn ará Paris gba ilé ẹ̀wọ̀n Bastille. Kò ju ọjọ́ mélòó kan lọ lẹ́yìn rẹ̀ tí ìpayà fi bo ọ̀pọ̀ ìgbèríko, èyí tí àwọn òpìtàn ń pè ní Ìpayà Ńlá. Ọ̀rọ̀ tí ó ń ti abúlé dé abúlé ni pé àwọn ọlọ́lá ti fi owó gba ìgárá láti wá gé àlìkámà náà ní tútù. Agogo ṣọ́ọ̀ṣì ń dún, ọkùnrin ń gbé dòjé, obìnrin ń kó ọmọ sá wọ igbó. Ní agbègbè Champagne, ní 24 oṣù náà, nǹkan bí 3,000 ọkùnrin jáde lọ ká àwọn ìgárá mọ́ inú igbó kan. Agbo ẹran ọ̀sìn ni wọ́n bá níbẹ̀.

Àwọn kan ní ọ̀tẹ̀ àwọn olóṣèlú ni. Àwọn mìíràn ní wèrè ló kọlu àwọn ará oko. Georges Lefebvre kò gba èyíkéyìí. Nínú ìwé rẹ̀ ti 1932, ó kó lẹ́tà àti àkọsílẹ̀ ìlú jọ, ó wo ọjọ́ tí ìròyìn dé ibì kọ̀ọ̀kan, nígbà mìíràn ó wo wákàtí rẹ̀ pàápàá, ó sì ya ọ̀nà tí ìpayà náà tọ̀ sórí máàpù. Ó hàn pé orísun díẹ̀ ni ó ní, àti pé ojú ọ̀nà kan ni ó ń gbé e fún òmíràn. Ta ni wọ́n fi ń ránṣẹ́? Àlùfáà tí ó kọ̀wé sí àlùfáà ẹgbẹ́ rẹ̀. Alákòóso ìlú tí ó rán oníṣẹ́ lọ sí ìlú kejì pé kí wọ́n gba òun. Àwọn tí ń fi ẹṣin gbé lẹ́tà. Àwọn tí ó mọ̀wé ni, àwọn tí ó jẹ́ ojúṣe wọn láti kìlọ̀ fún aládùúgbò. Wọ́n sì kìlọ̀. Ìgárá kò wá, ṣùgbọ́n ohun ìjà ti wà lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀, ní ibòmíràn wọ́n sì yíjú sí ilé olówó orí ilẹ̀, wọ́n dáná sun ìwé tí a kọ ìṣákọ́lẹ̀ wọn sí. Ní òru 4 oṣù Kẹjọ, ìgbìmọ̀ aṣòfin kéde pé àwọn ẹ̀tọ́ àtayébáyé ti àwọn ọlọ́lá dópin. Àhesọ tí kò ní ìgárá kan ṣoṣo nínú wà lára ohun tí ó tì wọ́n débẹ̀.

Ní ọdún 2025, Stefano Zapperi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ohun tí Lefebvre kó jọ wọ inú ìṣirò àrùn, wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ nínú Nature, ìwé ìròyìn kan náà tí Daley àti Kendall ti kọ̀wé sí ní 1964. Wọ́n to ìlú, ojú ọ̀nà àti ibùdó lẹ́tà síra wọn, wọ́n sì rí i pé ìpayà náà rìn bí àjàkálẹ̀ àrùn ṣe ń rìn, àti pé ibi tí ó ti múlẹ̀ bá ọ̀rọ̀ oúnjẹ àti ẹ̀tọ́ ilẹ̀ tan ju pé kí ó jẹ́ ìgbónára lásán lọ. Inú mi dùn nítorí Lefebvre. Ọwọ́ lásán ni òun fi kà á.

Ó ku èyí tí ó kan àwa tí à ń gbé láyé fóònù. Agbọ́sọ àtijọ́ ń rí ojú ẹni tí ó ń bá sọ̀rọ̀. Bí ojú náà bá ti sú, ó mọ̀. Agbọ́sọ orí ìtàkùn kò rí ojú kankan, ó fi ọwọ́ kan bọ́tìnnì, 200 ènìyàn gbà á lẹ́ẹ̀kan náà, kò sì sí ẹni tí ó dáhùn pé “láti àná.” Ọ̀rọ̀ náà kì í gbó lọ́nà mọ́, ẹ̀dà rẹ̀ ń lọ láìdín láìlé. Ìdákẹ́ tí Daley àti Kendall kọ́ ilé wọn lé wá di ohun ọ̀wọ́n. Bákan náà, a kì í pàdé ara wa láìṣojúsàájú lórí ìtàkùn. Albert-László Barabási àti Réka Albert fi hàn ní 1999 pé àwọn díẹ̀ níbẹ̀ dà bí oríta tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọ̀nà pàdé sí, nígbà tí ọ̀nà mélòó kan péré ń bẹ lọ́dọ̀ àwọn yòókù. Ní 2001, Romualdo Pastor-Satorras àti Alessandro Vespignani fi kún un pé níbi tí irú oríta bẹ́ẹ̀ bá wà, àrùn pàápàá lè ṣàìní iye tí a fi ń dá a dúró mọ́. Àrùn wá jọ àhesọ. Nígbà tí àwọn olùwádìí mẹ́ta láti MIT yẹ nǹkan bí 126,000 ìròyìn wò, tí ó rìn lórí Twitter láàrin 2006 sí 2017, wọ́n rí i pé irọ́ ń rìn jìnnà, ó sì ń yára ju òtítọ́ lọ, àti pé ènìyàn ẹlẹ́ran ara ni ó ń ṣe é, kì í ṣe ẹ̀rọ. Àwọn onílé iṣẹ́ WhatsApp ti gbọ́ èdè ìṣirò yìí: ní 2019 wọ́n fi òfin dè é pé a kò lè fi ọ̀rọ̀ kan ṣọwọ́ sí ju ibi márùn-ún lọ lẹ́ẹ̀kan, ní 2020, èyí tí ó bá ti gba ọwọ́ púpọ̀ kọjá kò lè lọ ju ibì kan ṣoṣo lọ. Wọ́n sọ pé irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ dín kù ní 70 nínú 100.

Èmi kò bá ìṣirò jà. Òun ni ó gbà mí lọ́wọ́ ọ̀rọ̀ àìmọ̀kan. Ṣùgbọ́n ẹnì kẹta inú rẹ̀, Agbọ́dákẹ́, kò jẹ́ kí ọkàn mi balẹ̀. Ẹni tí ọ̀rọ̀ ti sú ni wọ́n fi í pè, ó sì dà bí ẹni pé pẹ̀lú ìdákẹ́ rẹ̀, ìtàn tirẹ̀ parí. Ènìyàn méjì ni wọ́n há mọ́ inú orúkọ kan yẹn: ẹni tí ó dákẹ́ nítorí pé gbogbo ayé ti gbọ́, àti ẹni tí ó dákẹ́ nítorí pé ó ti mọ̀ wàyí pé irọ́ ni, tí ojú sì ń tì í. Nínú kíkà, ọ̀kan náà ni wọ́n. Ní ìlú, wọn kì í ṣe ọ̀kan. Ẹnì kejì ni ó mọ ilé tí irọ́ náà wọ̀.

Ní ọdún 2014 kan náà, àwọn òṣìṣẹ́ ìlera tọpasẹ̀ 894 ènìyàn tí ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti fara kan àwọn aláìsàn Ẹ̀bólà ní Nàìjíríà, wọ́n sì bẹ̀ wọ́n wò lójúkojú ní nǹkan bí ìgbà 18,500. Ènìyàn 20 ni àrùn náà mú, 8 kú, Àjọ Ìlera Àgbáyé sì kéde ní 20 oṣù Kẹwàá pé ó ti kásẹ̀ nílẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò tọpasẹ̀ iyọ̀. Àwọn tí ó lè tọ̀ ọ́ ni àwọn tí ó sọ ọ́.

Ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta tí mo pè ní ìdájí ọjọ́ náà jẹ́ olùkọ́ mi ní ilé ẹ̀kọ́ girama, tí ó ti fẹ̀yìntì tipẹ́, tí ẹ̀jẹ̀ ríru sì ń bá fínra. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ nígbà tí mo pè é. Ní ọ̀sán, òun ni ó pè mí padà. Rédíò ti kéde láàárọ̀ pé irọ́ ni, mo sì ti gbọ́ ọ. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi pé mo rántí òun láàrin òru. Ó ní òun ti wẹ̀ ẹ́, òun sì bu ife kan mu, kí Ọlọ́run má jẹ́ kí n rí ibi. Mo ní, “Àmín, sà.” N kò pe àwọn méjì yòókù. Òun náà gbé ọdún mẹ́ta sí i láyé, mo sì lọ kí i nílé ní ọ̀pọ̀ ìgbà láàrin rẹ̀, n kò sọ ọ́ fún un.